Ẹ̀kọ́ ‘Agile’: Kí òbí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tó sanwó, ìwé ọ̀fẹ́ ló yẹ kọ́mọ kọ́kọ́ kà

Lára òpó iná àti ògiri ilé, láti Agric títí dé gáréèjì Ìkòròdú, pósítà àwọn tó ń pe ọ̀dọ́ wá kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń bá tàwọn olóṣèlú du àyè. Ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà kan, bí wọ́n bá ní ọmọ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ ni pé ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà. Ìyẹn ti kọjá. “Agile” ni wọ́n ń pè é báyìí. Wọ́n á tún ní “Scrum”, wọ́n á ní ọmọ lè di “Scrum Master” láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì máa jókòó sílé gbowó dọ́là.

Bàbá tó bá gbọ́ “Scrum Master” fún ìgbà àkọ́kọ́ kò jẹ̀bi bó bá rò pé iṣẹ́ tíṣà ni. Ṣùgbọ́n òun náà ni yóò sanwó. Owó ẹja tí ìyá tà ní ọjà Olúwo l’Ẹ́pẹ̀ẹ́, owó tí bàbá yá ní kóópù, nígbà míì owó ilẹ̀ ẹbí pàápàá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àgbàlagbà mọ ohun tí wọ́n ń tà fọ́mọ òun, kó sì mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi èyí tó dára jù nínú ìwé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

Télọ̀ méjì

Agile kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà túmọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ yá, tó lè tètè yí ẹsẹ̀ padà bí ọ̀nà bá yí. Ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà àti fóònù, èyí táwọn ọ̀dọ́ ń pè ní software, ń gbà pín iṣẹ́ láàárín ara wọn ni, tí wọ́n sì ń gbà fi iṣẹ́ náà han ẹni tó ni ín.

Ẹ wo télọ̀ méjì. Èkíní wọn aṣọ fún ìyàwó tuntun, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di àṣálẹ́ ọjọ́ tí ìgbéyàwó ku ọ̀la. Aṣọ dé, ó dára lójú, ṣùgbọ́n apá kò gba apá. Èkejì gé aṣọ, ó fi òwú gan án pọ̀ díẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ni ín pé kó wá wọ̀ ọ́ wò. Ó dín níhìn-ín, ó tú tọ̀hún, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìyàwó bá sanra díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, télọ̀ kejì ti mọ̀. Télọ̀ kejì yìí ló ń ṣe Agile.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi télọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà láwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á kọ gbogbo ohun tí oníbàárà fẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á ṣe é, wọ́n á dán an wò, nígbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹni tó ni ín. “Waterfall” ni wọ́n ń pe ìyẹn, ìyẹn omi tó ń dà láti orí àpáta tí kì í padà gòkè. Àpilẹ̀kọ kan tí Winston Royce, ará Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1970 ni ọ̀pọ̀ ìwé ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé Royce fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú àpilẹ̀kọ náà pé ọ̀nà yìí léwu bí kò bá sí pípadà sẹ́yìn láti tún iṣẹ́ ṣe. Ó dà bíi pé àwòrán nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá lẹ́yìn wò, wọn ò ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Japan wà lára ibi tí àyípadà ti wá. Lọ́dún 1986, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review nípa àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ń gbé iṣẹ́ fúnra wọn bí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù rugby, tí gbogbo wọn jọ ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Inú eré rugby yìí ni orúkọ “Scrum” ti wá. Ken Schwaber àti Jeff Sutherland ló gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́dún 1995. Nígbà tó di ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 13, Oṣù Kejì, ọdún 2001, èèyàn 17 tí iṣẹ́ yìí ti sú láti máa ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pàdé ní Snowbird, ibùdó ìgbafẹ́ kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Utah, l’Amẹ́ríkà. Schwaber àti Sutherland wà níbẹ̀, Kent Beck àti Martin Fowler náà wà níbẹ̀. Ìkéde kúkúrú kan ni wọ́n bá jáde. Ohun mẹ́rin ni wọ́n tẹnu mọ́: pé èèyàn àti ìjíròrò ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ lọ, pé ètò tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju òkìtì ìwé àlàyé lọ, pé kí wọ́n bá oníbàárà ṣiṣẹ́ pọ̀ sàn ju kí wọ́n máa bá a fa ọ̀rọ̀ àdéhùn lọ, àti pé ẹni tó lè yí padà nígbà tí nǹkan bá yí sàn ju ẹni tó kàn rọ̀ mọ́ ètò tó ti ṣe sílẹ̀ lọ. Wọ́n tún kọ ìlànà 12 mọ́ ọn.

Bí yóò ṣe rí lọ́jà ẹja

Ká ní àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún l’Ẹ́pẹ̀ẹ́ fẹ́ ṣe ètò kan sórí fóònù fáwọn ìyá ẹlẹ́ja, kí wọ́n lè máa fi ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́, oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi jókòó sínú yàrá. Wọn yóò ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n ẹja ní kílò, ibi tí wọ́n ti ń san owó láti báńkì, pẹ̀lú àwòrán mèremère. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé ọjà, màmá àkọ́kọ́ lè sọ fún wọn pé òkìtì àti bàsíà lòun fi ń ta ẹja, òun ò ní òṣùwọ̀n kankan. Èkejì lè ní òun ò mọ̀wé kà. Ẹ̀kẹta á ní iye tóun ta ẹja láàárọ̀ kọ́ lòun ń tà á nírọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́fà ti wọmi nìyẹn.

Bí wọ́n bá gba ọ̀nà Agile, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò ní ju orúkọ oníbàárà àti iye tó jẹ lọ. Wọ́n á gbé e lọ sọ́jà bó ṣe wà, láìní ẹwà, wọ́n á fún màmá méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Èyí tí kò mọ̀wé kà á ní kí wọ́n fi àwòrán ojú oníbàárà sí i dípò orúkọ. Ìyẹn ni wọn yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Bí àṣìṣe bá tilẹ̀ wà, ti ọ̀sẹ̀ méjì ni, kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà.

“Sprint” ni wọ́n ń pe sáà kúkúrú yẹn nínú Scrum, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, tí wọ́n tò bó ṣe ṣe pàtàkì sí, ni “backlog”. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe ìpàdé tí kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Níparí sáà, wọ́n á fi iṣẹ́ han àwọn tó kàn, lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò wá jókòó láàárín ara wọn láti sọ ohun tí kò lọ déédéé. Ní ti Scrum Master, kì í ṣe ọ̀gá bí orúkọ rẹ̀ ti jọ. Ó sún mọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tó já fáfá, èyí tó ń rí i pé ìpàdé kò dìjà, tó sì ń bá ẹgbẹ́ mú ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kúrò lọ́nà.

Ìwé tó yẹ kọ́mọ kọ́kọ́ kà

Ìkéde ọdún 2001 yẹn wà lójú òpó agilemanifesto.org, pẹ̀lú ìlànà 12 rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kọ ọ́ gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀dà rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti gé e kù. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti kà.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Scrum Guide, tó wà ní scrumguides.org. Schwaber àti Sutherland fúnra wọn ló kọ ọ́. Ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n sì ti ṣe àtúnṣe sí i lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ti Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ló wá kẹ́yìn nínú àtúnṣe tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Kò pé ojú ìwé 15. Ọmọ lè gbà á sórí fóònù, kó gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan nítòsí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Òfin fàyè gba ìyẹn pẹ̀lú. Owó tí yóò ná bàbá kò lè tó owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Yábàá. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé pẹlẹbẹ yìí ni ọ̀pọ̀ kíláàsì olówó gọbọi ń kà sétí akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n Scrum Guide gbẹ díẹ̀, òfin eré ló sọ, kò sọ bí eré ṣe ń dùn. Fún ìyẹn, ìwé tí Henrik Kniberg, ará Sweden, kọ lọ́dún 2007 ló yẹ kọ́mọ wá. “Scrum and XP from the Trenches” ni orúkọ rẹ̀, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lójú òpó InfoQ. Kniberg kò ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Ohun tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe níbi iṣẹ́ ló sọ, títí kan ibi tí wọ́n ti ṣìṣe, ibi tí ìpàdé ti gùn jù, àti bí wọ́n ṣe ń lẹ bébà mọ́ ògiri. Èdè rẹ̀ rọrùn. Ó tún ṣe fídíò kan lọ́dún 2012, “Agile Product Ownership in a Nutshell”, tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ, tó fi ọwọ́ ya àwòrán àlàyé bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nítorí pé fídíò ń jẹ dátà ju ìwé lọ, ìwé ni kọ́mọ tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ kọ́kọ́ dojú kọ.

Ohun kan wà tí pósítà kì í sọ. Agile kò pin sórí ìpàdé àti bébà ara ògiri. Kent Beck kọ ìwé kan lọ́dún 1999, “Extreme Programming Explained”, tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an: kí èèyàn méjì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, kí wọ́n kọ ìdánwò tí yóò yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà. Títà ni wọ́n ń ta ìwé yẹn, ṣùgbọ́n Martin Fowler ti kọ ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà sí martinfowler.com, tí ẹnikẹ́ni lè kà láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ tó bá mọ ìpàdé ṣe, tí kò lè ṣe ètò kankan tó ń ṣiṣẹ́, télọ̀ tó ń pe oníbàárà wá wọ aṣọ tí kò tíì gé ni.

Bí wọn yóò ṣe mọ ìwé tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára kò le. Ìwé tó dára á sọ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, á sì sọ ọdún. Á jẹ́ ti ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Á sì sọ ibi tí ọ̀nà yìí kì í ti í ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ní Agile túmọ̀ sí pé kò sí ètò, tàbí pé kò sí kíkọ nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n pa á dé. Kódà, nínú èèyàn 17 tó pàdé ní Snowbird, àwọn kan ti bínú sí ohun táwọn oníṣòwò sọ ọ́ dà. Dave Thomas kọ̀wé lọ́dún 2014 pé Agile ti kú, Ron Jeffries náà gba àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nímọ̀ràn lọ́dún 2018 pé kí wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀, kí wọ́n di ìlànà àkọ́kọ́ mú. Ó dára kí ọmọ ka ti àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú, kó má bàa rò pé ẹ̀sìn ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí

Ibí ni owó ti ń bọ́ jù. Ìwé ẹ̀rí méjì ló lókìkí nínú Scrum. Ẹgbẹ́ Scrum Alliance ló ń fúnni ní CSM, dandan sì ni kíláàsì kí èèyàn tó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un ṣe, tòun ti owó. Scrum.org, tí Schwaber dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, ló ń fúnni ní PSM I. Ìbéèrè 80 ni, ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tí kò bá gba 85 nínú ọgọ́rùn-ún kò yege. Kò pọn dandan kí èèyàn lọ sí kíláàsì kankan kó tó ṣe é, ìwé ẹ̀rí náà kì í sì í kú. 200 dọ́là ni owó ìdánwò. Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó yẹn kì í ṣe ohun tí òbí ń yọ lápò bí ẹni yọ owó bọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún bàbá pé ọmọ kò lè ṣe PSM I àfi bó bá sanwó kíláàsì lọ́dọ̀ òun, irọ́ ló ń pa. Scrum.org fúnra rẹ̀ ní ìdánwò àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ Scrum Open, ìbéèrè 30, ọ̀fẹ́, tí ọmọ lè ṣe lemọ́lemọ́. Bí kò bá lè gba gbogbo rẹ̀ tán, tàbí kó ku díẹ̀, kò tíì tó àkókò tí wọn yóò san 200 dọ́là.

Ìwé ẹ̀rí kì í sì í ṣe iṣẹ́. Ìtàn Andela yẹ kó wà létí gbogbo òbí. Ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ l’Ékòó, ó ń gba àwọn ọ̀dọ́, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, ó tún ń sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Lọ́dún 2016, owó tí Mark Zuckerberg àtìyàwó rẹ̀ fi ń ṣe ìrànwọ́ wọ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wá sí Yábàá lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Andela ní àwọn oníbàárà òun ń fẹ́ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì dá nǹkan bí 250 nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè dúró ní Nàìjíríà àti Uganda. Àwọn wọ̀nyí mọ Agile, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìrírí ni wọ́n ní kò pọ̀ tó. Ẹni tó bá ń ṣèlérí iṣẹ́ dọ́là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó mọ̀ nípa ọdún 2019.

Fún àwọn tó ń wá olùkọ́ láìsanwó, ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 lábẹ́ mínísítà Bosun Tijani, ọ̀kan nínú àwọn tó dá CcHub sílẹ̀ ní Yábàá, ní ẹ̀ka méjìlá. Ṣíṣe ètò kọ̀ǹpútà àti àmójútó ọjà orí kọ̀ǹpútà wà nínú wọn, Agile sì wọ inú méjèèjì. Ìsọ̀rí ìsọ̀rí ni wọ́n ń gba èèyàn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ku ẹni tí wọn yóò jọ ṣe é

Bí ọmọ bá ka gbogbo ìwé yìí tán, kò tíì mọ Agile, nítorí ẹnìkan kì í dá a ṣe. Tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló ń lé àwọn ọmọ Ìkòròdú lọ sí Yábàá. Lóòótọ́, ọ̀nà BRT ti dé Ìkòròdú láti ọdún 2015, ọkọ̀ ojú omi sì wà ní Ìpàkòdò. Àmọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó bá ní kóun máa gba Ìtókín wá sí Ìkòròdú kó tó kọrí sí Yábàá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ojú ọ̀nà ni yóò ti lo ìgbà rẹ̀ tán.

Kò sì nílò ìyẹn. LASUSTECH, tí wọ́n ń pè ní LASPOTECH kó tó di yunifásítì lọ́dún 2022, wà nílẹ̀ ní Ìkòròdú. Caleb wà ní Ìmọ̀ta. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU wà l’Ẹ́pẹ̀ẹ́, YabaTech náà ní ọgbà síbẹ̀, Augustine wà ní Ìlara. Ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kò lè wọ́n láwọn ibi wọ̀nyí. Kí wọ́n wá iṣẹ́ kékeré kan tó ní oníbàárà gidi: ìwé àkọsílẹ̀ kóópù tí bàbá ọ̀kan wọn jẹ́ akápò fún, owó oṣù mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Kí wọ́n fa ìlà sára bébà ńlá kan lára ògiri, kí wọ́n pín in sí mẹ́ta: iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, iṣẹ́ tó ti tán. Iná ò nílò kó wà fún ìyẹn, dátà ò sì wọ̀ ọ́. Toyota ní Japan lo káàdì bébà fún irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní kanban, kí kọ̀ǹpútà tó dé orí tábìlì ẹnikẹ́ni.

Akápò kóópù yẹn lè jẹ́ bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Kò yẹ kó tijú pé òun ò mọ kọ̀ǹpútà, torí oníbàárà ni, òun ló mọ bí owó ṣe ń wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kó pe àwọn ọmọ náà jókòó, kó má béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, kó má sì béèrè àlàyé. Kó gba fóònù lọ́wọ́ wọn, kó ní kí wọ́n fi orúkọ ẹnìkan tó jẹ gbèsè han òun, kó wá ṣí ìwé tòun wò bóyá iye rẹ̀ bára mu.